Ọ̀wọ́n àti Ọ̀pọ̀: Ẹ̀kọ́ Irin lórí Iyì

Nínú èdè Yorùbá, "ọ̀wọ́n" ni orúkọ ohun tí kò wọ́pọ̀, òun ni orúkọ ohun tí owó rẹ̀ ga, òun náà sì ni wọ́n fi ń pe ẹni tí ọkàn fẹ́ràn. Ní òdìkejì, "ọ̀pọ̀" ń tọ́ka sí ohun tó kún ilẹ̀, ó sì tún ń tọ́ka sí ọjà tí kò gbówó lórí. Ó wá dà bí ẹni pé èdè fúnra rẹ̀ ti dájọ́ pé àìtó ni ìyá iyì, àti pé ohun tí Olódùmarè fi fún gbogbo ayé láìṣahun kò tó ohun tí ó fi pamọ́ sí kọ́lọ́fín. Bóyá ìdájọ́ yìí tọ́ ni ìbéèrè tó yẹ kí onílàákàyè gbé yẹ̀ wò, iṣẹ́ tí àwọn mẹ́tàlì, ìyẹn ìdílé irin, bàbà, fàdákà àti wúrà, ń ṣe nínú ìmọ̀ kẹ́mísìrì sì jẹ́ ibi tó dára láti dán an wò.

Ní Ṣómólú, níbi tí iṣẹ́ ìtẹ̀wé ti fìdí múlẹ̀ débi pé káàkiri Èkó ni wọ́n ti ń gbé iṣẹ́ wá síbẹ̀, àpẹẹrẹ iṣẹ́ yìí kò jìnnà. Òróró wà nínú íǹkì tí ẹ̀rọ fi ń tẹ bébà, òróró yìí sì ní láti gba ọ́síjìn, èròjà inú afẹ́fẹ́ tí ènìyàn ń mí símú, kí àwọn ẹyọ rẹ̀ tó lè so kọ́ra, kí ó sì le débi pé kò ní í ràn mọ́ni lọ́wọ́ mọ́. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, yóò pẹ́ kí ó tó gbẹ. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣe íǹkì fi máa ń fi ìwọ̀nba èròjà cobalt tàbí manganese sí i. Catalyst ni àwọn onímọ̀ ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀, Yorùbá sì lè pè é ní alànà, nítorí pé ó ń la ọ̀nà tó rọrùn fún èròjà méjì láti di ọ̀kan, síbẹ̀ iṣẹ́ náà kì í jẹ òun fúnra rẹ̀ tán. Bákan náà ni pẹ́ńtì olóròóró tí wọ́n fi ń kun géètì ní Bàrígà ṣe ń gbẹ.

Nínú ṣíṣe oògùn àti kẹ́míkà ẹlẹgẹ́, àwọn mẹ́tàlì ọ̀wọ́n bíi palladium, platinum àti rhodium ni àwọn onímọ̀ ti gbójú lé gẹ́gẹ́ bí alànà fún ọ̀pọ̀ ọdún, iṣẹ́ tí palladium ń ṣe láti so ẹyọ kábọ́ọ̀nù pọ̀ ló sì mú kí Richard Heck, Ei-ichi Negishi àti Akira Suzuki gba ẹ̀bùn Nobel ní 2010. South Africa àti Rọ́ṣíà ni èyí tó pọ̀ jù nínú palladium ayé ti ń wá, òkìtì òkúta ni wọ́n sì ń fọ́ kí wọ́n tó rí gíráàmù díẹ̀. Irin ní tirẹ̀ kó bí ìdá 5 nínú 100 èèpo ilẹ̀ ayé.

Ìtàn ajílẹ̀ fi hàn pé pípọ̀ tí irin pọ̀ kò sọ ọ́ di yẹpẹrẹ. Nígbà tí Fritz Haber, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, so náítírójìn inú afẹ́fẹ́ mọ́ háídírójìn láti di ammonia ní 1909, osmium ló fi ṣe alànà, mẹ́tàlì tó ṣọ̀wọ́n débi pé èyí tó wà lọ́wọ́ aráyé kò lè gbé ilé-iṣẹ́ ńláńlá dúró. Alwin Mittasch àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ kẹ́míkà BASF wá dán ẹgbẹẹgbẹ̀rún àpòpọ̀ wò, wọ́n sì rí i pé irin tí wọ́n po èròjà díẹ̀ mọ́ tó iṣẹ́ náà ṣe. Ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Oppau, ní Jámánì, ní 1913, irin sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú ilé-iṣẹ́ ammonia lágbàáyé ṣì gbára lé. Láti ara ammonia ni wọ́n ti ń ṣe yùríà, ajílẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ Dangote tí wọ́n ṣí ní 2022 ń ṣe ní agbègbè Lẹ́kkí.

Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn lè sọ pé irin a máa dípẹtà, pé ó máa ń ṣòro láti kápá ju palladium lọ, àti pé ammonia kan náà tó ń bọ́ àgbàdo ni wọ́n fi ṣe àdó olóró nígbà ogun àgbáyé tó bẹ̀rẹ̀ ní 1914. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, Yorùbá tó ń bọ Ògún, òrìṣà irin, kò sì ṣàì mọ̀ pé òun tó ni ọkọ́ àgbẹ̀ ló ni idà ogun. Ìyẹn fi hàn pé ọ̀pọ̀ kò yọ ènìyàn nínú ojúṣe rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sọ ọ̀wọ́n di ìdiwọ̀n iyì. Nínú ìtàn tí Bọ́lájí Ìdòwú kọ sínú ìwé rẹ̀, Olódùmarè, ní 1962, igbó dí àwọn òrìṣà lọ́nà nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wá sáyé. Òrìṣà-ńlá kọ́kọ́ gbìyànjú, ṣùgbọ́n àdá òjé rẹ̀ tẹ̀, Ògún ló sì fi àdá tirẹ̀ la ọ̀nà fún gbogbo wọn. Kò sí ẹni tó bi í léèrè bóyá ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ wọ́n. Ọ̀nà tó là ni wọ́n fi bu ọlá fún un.

Ìdáhùn tó tọ́, nígbà náà, ni pé ọ̀wọ́n ń sọ iye tí ènìyàn yóò san, kò sì lè sọ oore tí ohun kan lè ṣe. Ohun tí Ẹlẹ́dàá dá lọ́pọ̀ ni ó fi sí àrọ́wọ́tó olówó àti tálákà, ìwádìí tó ń fi irin rọ́pò mẹ́tàlì ọ̀wọ́n sì jẹ́ ọ̀nà kan láti gba ẹ̀bùn náà tọwọ́tẹsẹ̀. Ẹ̀kọ́ yìí kan àwọn ènìyàn fúnra wọn ní Ṣómólú àti Bàrígà, níbi tí ilé fara kọ́ ilé tí èrò sì pọ̀ bí omi, nítorí pé ẹni tó bá fojú ọjà ọ̀pọ̀ wo ọmọ ènìyàn kìkì nítorí pé wọ́n pọ̀ ti gbàgbé pé Yorùbá kan náà tó sọ pé ohun tó ṣọ̀wọ́n ló gbówó lórí ló tún sọ pé ènìyàn laṣọ.