Bọ́ọ̀sì Ti Dé, Ibùdó Rẹ̀ Ńkọ́?

Ní Oṣù Kọkànlá ọdún 2017, àwọn aláṣẹ ìlú Albuquerque ní ìpínlẹ̀ New Mexico, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, pe ayẹyẹ. Bọ́ọ̀sì tuntun ni wọ́n fẹ́ fi han ará ìlú. Ọkọ̀ náà gùn, ó ń dán, kò ní èéfín, kò sì pariwo, nítorí bátìrì ló ń gbé e rìn. Richard Berry, tó jẹ́ máyọ̀ nígbà náà, ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́. Ọjọ́ díẹ̀ ló kù fún un lórí oyè. Wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n wọ ọkọ̀.

Lẹ́yìn ayẹyẹ yẹn, ọdún méjì ni ará ìlú fi retí iṣẹ́ bọ́ọ̀sì lójú ọ̀nà tí wọ́n là fún un. Nígbà tí bọ́ọ̀sì wá dé lóòótọ́, kì í ṣe oníbátìrì mọ́. Dísẹ́lì ló ń mu.

Ìwọ tí wọ́n fa iṣẹ́ ìlú lé lọ́wọ́, fara balẹ̀ gbọ́ ìtàn yìí. Má ṣe kà á bí ẹni ń ka ìròyìn ilẹ̀ òkèèrè. Ní 2023, bọ́ọ̀sì oníbátìrì méjì gúnlẹ̀ sí Èkó fún ìdánwò, lábẹ́ àdéhùn tó wà láàárín LAMATA, àjọ ìrìnnà Èkó, àti ilé-iṣẹ́ Oando. Ohun rere ni, mo sì fẹ́ kó kẹ́sẹ járí. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí o mọ ibi tí ẹsẹ̀ àwọn tó ṣáájú wa ti yẹ̀.

Iṣẹ́ tí Albuquerque dáwọ́ lé kò kéré. ART ni wọ́n pè é. Wọ́n gba àárín títì Central Avenue, ọ̀nà àtijọ́ tí ayé mọ̀ sí Route 66, wọ́n ya apá kan sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì nìkan, bí a ṣe ṣe ti BRT l'Ékòó. Owó rẹ̀ ju mílíọ̀nù 130 dọ́là lọ. Láti 2016 tí wọ́n ti ń gbẹ́ ilẹ̀, àwọn oníṣòwò ẹ̀bá ọ̀nà ń ké pé oníbàárà kò rọ́nà wọlé mọ́, àwọn kan sì gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́. Mílíọ̀nù 75 dọ́là tí ìlú ń retí lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ kò tíì tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ nígbà tí iṣẹ́ ti lọ jìnnà. Síbẹ̀, wọ́n ń tẹ̀ síwájú. Ilé-iṣẹ́ BYD ló máa kọ́ bọ́ọ̀sì náà ní ilé ẹ̀rọ wọn ní Lancaster, California.

Ibi tí mo fẹ́ kí o dúró wò rèé.

Bọ́ọ̀sì dísẹ́lì kì í bèèrè púpọ̀ lọ́wọ́ yáàdì tó ń sùn sí. Fún un ní àyè, fún un ní pọ́ǹpù epo tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè tò sí, ó tán. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, táńkì ti kún. Ti oníbátìrì kò rí bẹ́ẹ̀. Wákàtí ló fi ń gba iná. Ó ń fẹ́ ṣájà tó lágbára ní ibi tó máa dúró sí láti alẹ́ dé ìdájí. Bí iná kò bá wọ inú rẹ̀ lóru, kò sí ìrìn láàárọ̀. Yáàdì yẹn kì í ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí lásán. Ìdajì bọ́ọ̀sì náà ni. Ẹni tó bá ra ọkọ̀ láìtíì parí ibùdó rẹ̀, ìdajì ló rà.

Ohun méjì ló yẹ kí Albuquerque rí dájú kí wọ́n tó pe ẹnikẹ́ni síbi ayẹyẹ. Èkíní, ṣé ṣájà tó wà nílẹ̀ ti yege àyẹ̀wò ààbò? Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀rọ iná tó bá yege sábà máa ń ní àmì bíi UL lára, kí ẹni tó ń lò ó lè mọ̀ pé kò ní pa òun, kò sì ní sun ilé. Èkejì, ṣé bọ́ọ̀sì náà lè rin ìrìn ọjọ́ kan lórí iná òru kan? Máìlì 275 ni àdéhùn wí.

Wọn kò rí méjèèjì dájú. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti bàjẹ́, kì í ṣe ọjọ́ tí àṣírí tú. Ó bàjẹ́ lọ́jọ́ tí ẹnì kan lè sọ pé, "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dán an wò," tí ọ̀rọ̀ yẹn kò sì borí. Rò ó wò. Ọ̀nà ti parí. Ibùdókọ̀ ti wà lójú títì. Ojú gbogbo ayé wà lára wọn. Àwọn oníṣòwò tí wọ́n ti fara da eruku fẹ́ rí ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ jìyà. Máyọ̀ ń lọ, òmíràn ń bọ̀. Kò sí ohun tó rọrùn ju pé kí a gé rìbọ́ọ̀nù lọ. Ohun tó ṣòro ni kí o dìde láàárín àwọn èèyàn rẹ kí o sọ pé bọ́ọ̀sì ti dé o, ṣùgbọ́n iná rẹ̀ kò tíì dá wa lójú, ẹ fún wa ní oṣù díẹ̀ sí i. Ìtìjú ọjọ́ kan ni ìyẹn ì bá jẹ́. Ta ni ń gbé ìyàwó wọlé nígbà tí yàrá kò tíì ní òrùlé?

Tim Keller gba oyè máyọ̀ ní Oṣù Kejìlá ọdún yẹn. Kó tó pé oṣù méjì, ó jáde sí gbangba láti sọ ohun tó bá nílẹ̀. Ṣájà kò ní àmì àyẹ̀wò. Nígbà tí wọ́n dán ọkọ̀ wò, máìlì 177 ló rìn, kì í ṣe 275. Ohun tí wọ́n fi ń so kẹ̀kẹ́ àwọn abirùn mọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ kò tọ́. Àwọn ibùdókọ̀ kan pẹ̀lú ní àléébù tiwọn.

Ó lè dà bíi pé máìlì 98 tó dín kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá ti ṣètò ọkọ̀ rí. Bọ́ọ̀sì tí bátìrì rẹ̀ yóò tán kí iṣẹ́ ọjọ́ tó parí gbọ́dọ̀ padà sí yáàdì lọ́sàn-án. Òmíràn gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ láti gba ipò rẹ̀. Ìyẹn túmọ̀ sí ọkọ̀ sí i, awakọ̀ sí i, ṣájà sí i, àti àyè sí i nínú yáàdì tí wọ́n ti fi bíríkì yí ká. Gbogbo ìṣirò tí wọ́n fi gba owó dà rú. Bí wọ́n bá ti dán ọkọ̀ kan ṣoṣo wò lójú ọ̀nà tiwọn gan-an, nínú oòrùn aṣálẹ̀ tiwọn, pẹ̀lú ẹ̀rọ amúlétutù ní títàn, wọn ì bá ti mọ̀ kí àwọn yòókù tó dé.

Fún bí ọdún kan, wọ́n gbìyànjú láti tún un ṣe. Nígbà tó di Oṣù Kọkànlá 2018, bọ́ọ̀sì tó ju mẹ́wàá lọ ti wà lọ́wọ́ wọn, ìlú ní kí BYD wá kó gbogbo rẹ̀ padà. Wọ́n pe ilé-iṣẹ́ náà lẹ́jọ́. BYD sẹ́, wọ́n ní ọkọ̀ àwọn kò ní irú àléébù tí ìlú ń kà sí i lọ́rùn. Ní 2019, wọ́n yanjú ẹjọ́ náà. Ìlú wá ra bọ́ọ̀sì dísẹ́lì lọ́wọ́ New Flyer, ọjọ́ 30 Oṣù Kọkànlá 2019 sì ni ART tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò.

Ìwọ ro ti ìyá tó ń jí ní ìdájí lọ síbi iṣẹ́. Ọ̀nà tuntun wà níwájú rẹ̀, ibùdókọ̀ tuntun wà níbẹ̀ tí iná ń tàn, kò sì sí ọkọ̀ àrà tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ́ ọ. Ọdún méjì. Irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ ló san gbèsè ìkánjú yẹn, kì í ṣe àwọn tó jókòó síwájú níbi ayẹyẹ.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé bọ́ọ̀sì oníbátìrì kò dára. Ní agbègbè Lancaster yẹn gan-an, níbi tí BYD ti ń kọ́ ọkọ̀, àjọ AVTA ń fi bọ́ọ̀sì ilé-iṣẹ́ kan náà gbé èrò. Ní 2016 ni ìgbìmọ̀ wọn pinnu pé gbogbo ọkọ̀ àwọn yóò di oníbátìrì. Wọ́n to ṣájà sínú yáàdì wọn. Wọ́n tún ri ẹ̀rọ mọ́ ilẹ̀ ní àwọn ibùdó pàtàkì lójú ọ̀nà, tó ń fi iná sínú bátìrì láìsí wáyà bí ọkọ̀ bá ti dúró lé e lórí, kí ẹni tí ìrìn rẹ̀ jìn lè rí iná gbà kó tó padà. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń yí ọkọ̀ padà. Ní 2022, wọ́n di àjọ àkọ́kọ́ ní Àríwá Amẹ́ríkà tí kò ní ọkọ̀ èrò kankan mọ́ àfi oníbátìrì. Ọdún mẹ́fà ló gbà wọ́n. Ilé-iṣẹ́ kan náà, ìpinnu ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹ̀kọ́ mìíràn wá láti Jámánì, ó sì korò ju ti ìṣáájú lọ. Lálẹ́ ọjọ́ 30 Oṣù Kẹsàn-án 2021, iná sọ nínú yáàdì bọ́ọ̀sì kan nílùú Stuttgart. Ọkọ̀ 25 ló jóná. Ọkọ̀ oníbátìrì kan tó ń gba iná lọ́wọ́ ni àwọn olùwádìí tọpa rẹ̀ dé, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó jóná jẹ́ dísẹ́lì. Wọn kò mọwọ́, wọn kò mẹsẹ̀. Ibi tí wọ́n gbé wọn sí ló pa wọ́n. Ṣáájú ìgbà náà, ní oṣù kẹrin ọdún yẹn, iná ti jó ọkọ̀ 38 nínú gbọ̀ngàn kan nílùú Düsseldorf. Nígbà tí bátìrì bá gbiná, omi díẹ̀ kì í pa á. Ó lè kú lójú, kó tún sọ lẹ́yìn wákàtí bíi mélòó kan. Ẹni tó bá to ọkọ̀ mọ́ra wọn gẹ́gẹ́, láìsí ògiri láàárín, láìsí omi lókè, ti fi ẹrù gbogbo ìlú sábẹ́ ewu ọkọ̀ kan.

Nítorí náà, bí wọ́n bá gbé àwòrán ibùdó tuntun síwájú rẹ, l'Ékòó ni o, ní Ìbàdàn ni o, tàbí Abẹ́òkúta, má ṣe kọ́kọ́ béèrè iye bọ́ọ̀sì. Béèrè ibi tí iná yóò ti wá. Bọ́ọ̀sì ọgọ́rùn-ún tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fa kilowátì 60 lẹ́ẹ̀kan náà, mẹ́gáwátì 6 nìyẹn. Wáyà tó ń wọ àdúgbò rẹ kò lè gbé e. Ẹ̀rọ tiransifọ́mà pàtàkì ló máa gbà, àti àdéhùn pẹ̀lú àwọn oníná ní ọdún bíi mélòó kan ṣáájú. Orílẹ̀-èdè wa rèé tí gbogbo iná rẹ̀ dákú léraléra ní 2024. Bí ó bá dákú ní aago méjì òru, kí ni bọ́ọ̀sì yóò fi jáde ní aago márùn-ún? Bí ìdáhùn bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀, ta ló ṣe ìṣirò dísẹ́lì rẹ̀?

Béèrè pé ta ni yóò máa pín iná fún ọkọ̀ lóru, kí gbogbo wọn má bàa fà á pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Béèrè bí òjò ṣe ń ṣàn níbẹ̀, nítorí a mọ irú ilẹ̀ tí wọ́n sábà máa ń rí fún yáàdì l'Ékòó. Béèrè bí àlàfo tó wà láàárín ọkọ̀ kan sí èkejì ṣe fẹ̀ tó, ibi tí ọkọ̀ panápaná yóò gbà wọlé, àti bóyá àwọn panápaná náà ti wá wo ibẹ̀ rí. Gba ọkọ̀ kan ṣoṣo lákọ̀ọ́kọ́. Kó erùpẹ̀ kún àpò ní ìwọ̀n èrò tó máa gbé, jẹ́ kó rin ọ̀nà tiwa nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tiwa, láti òwúrọ̀ títí bátìrì yóò fi kú. Kọ iye kìlómítà tó rìn sílẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ni kí o fi ya àwòrán yáàdì, kì í ṣe èyí tó wà nínú ìwé ẹni tó ń tà á.

Bí gómìnà bá sì ti dá ọjọ́ ayẹyẹ kí o tó rí nọ́ńbà náà, lọ bá a kí ìwé ìkésíni tó jáde. Mú ohun tí o kọ sílẹ̀ dání. Sọ fún un pé ọjọ́ náà kò tíì pé.