Àyànmọ́ Tó Ní "Bí" Nínú

Ohun tí a kúnlẹ̀ yàn la dáyé bá. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò gbọ́ ọ rí, a sì ti fi í pa ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ lẹ́nu mọ́. Ọmọ tí kò mọ̀wé, wọ́n á ní bí orí ẹ̀ ṣe wí nìyẹn. Ẹni tí ọtí ń pa, wọ́n á ní bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé wọn nìyẹn. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé àyànmọ́ wà. Àyẹ̀wò kòkòrò àrùn niṣẹ́ mi nílé ìwòsàn, àyànmọ́ ni mo sì ń kà lórí àwo lójoojúmọ́. Ohun tí mi ò gbà ni pé wọ́n sọ ọ́ di ìdájọ́.

Ẹ wo E. coli, bakitéríà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wa ló ń gbé e kiri nínú ìfun. Tí mo bá gbin ìgbẹ́ aláìsàn sórí oúnjẹ kòkòrò tí à ń pè ní MacConkey, tó sùn mọ́jú nínú ẹ̀rọ amóoru, àwọ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò láàárọ̀. E. coli á ti hù ní píńkì, á gbẹ, á tẹ́ pẹrẹsẹ. Salmonella tó hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ kì í sábà láwọ̀ kankan. Láktóòsì, ìyẹn ṣúgà inú wàrà, ló wà nínú oúnjẹ náà. E. coli ní jíìnì tó fi ń jẹ ẹ́. Ọ̀pọ̀ jù lọ Salmonella ò ní. Ẹni tí kò bá kúnlẹ̀ yan láktóòsì, ẹ̀bẹ̀ ò lè fún un.

Ṣùgbọ́n E. coli tó yàn án náà, kì í kàn lò ó ṣáá. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Jacques Monod, kíyè sí i ní Paris lásìkò ogun àgbáyé kejì pé nígbà mìíràn, bakitéríà tó bá bá ṣúgà méjì lójú kan kì í jẹ wọ́n pọ̀. Gbé glúkóòsì àti láktóòsì síwájú E. coli, glúkóòsì ló máa kọ́kọ́ jẹ tán. Lẹ́yìn náà, wọn ò ní pọ̀ sí i mọ́, gbogbo ẹ̀ á dúró gbọnin. Tó bá ṣe díẹ̀, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ sí í bí sí i, láktóòsì ni wọ́n ń jẹ báyìí. Kí ni wọ́n ń ṣe nígbà tí wọ́n dúró yẹn?

Ìdáhùn tí Monod àti François Jacob là sílẹ̀ ní Institut Pasteur ní 1961, táwọn mìíràn sì bá wọn parí, nìyí. Purotéènì kan jókòó sórí DNA, ó ti jíìnì mẹ́ta tó jẹ mọ́ láktóòsì pa bí àgádágodo. Bí láktóòsì bá wọlé, díẹ̀ nínú ẹ̀ á yí padà, á lẹ̀ mọ́ purotéènì yìí, ọwọ́ ẹ̀ á sì já lára DNA. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ́ńsáìmù tí wọ́n fi ń jẹ láktóòsì ti ń jáde. Bí glúkóòsì bá ṣì pọ̀ nílẹ̀, iṣẹ́ náà ò ní gbóná, torí purotéènì kejì tó ń ru ú sókè kì í dé àfi tí glúkóòsì bá ń tán lọ. Ní 1965, Monod àti Jacob gba ẹ̀bùn Nobel pẹ̀lú André Lwoff.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà rèé. Ogún ni jíìnì, ogún náà ni àgádágodo. Ohun tí E. coli gbà bọ̀ kì í ṣe "ìwọ yóò máa jẹ láktóòsì." Ohun tó gbà ni "bí láktóòsì bá dé, tí glúkóòsì sì tán, jẹ ẹ́." Àyànmọ́ tó ní "bí" nínú ni. Ẹni tó ń bi wá pé ṣé orí ni àbí àyíká, ó ń pín ohun tí kò ṣeé pín: orí gan-an ló ń wo àyíká.

Ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ díákónì gbọ́ eléyìí, ó ní: "Ìwọ yìí, ṣé kò wá sàn kí wọ́n já àgádágodo ọ̀hún dànù, kí gbogbo ẹ̀bùn ṣí sílẹ̀?"

Mo ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, irú ẹ̀ wà, ẹ má wulẹ̀ gbàdúrà fún un."

E. coli kan wà tí àgádágodo ẹ̀ ti bàjẹ́. Tọ̀sán-tòru ló ń ṣe ẹ́ńsáìmù, wàrà wà o, wàrà ò sí o. Níbi tí kò bá ti sí láktóòsì, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ tó mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n tìlẹ̀kùn ló máa bí jù ú lọ. Kí gbogbo ilẹ̀kùn ṣí gbayawu, òmìnira kọ́, òfò ni.

Èyí tó wù mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé àgádágodo ọ̀hún kì í tì pa. Ìwọ̀nba ẹ́ńsáìmù díẹ̀ máa ń yọ́ jáde nígbà gbogbo. Láìsí ìwọ̀nba yẹn, láktóòsì ò ní rí ọ̀nà wọlé dáadáa, kò sì ní rí ohun tó máa yí i padà sí èyí tó ń ṣí àgádágodo. Àfi kéèyàn ti máa lo ẹ̀bùn náà díẹ̀díẹ̀ kí ayé tó lè pe ìyókù jáde. Ọmọ tí a kò jẹ́ kó fọwọ́ kan ìwé, ta ló lè sọ pé orí ẹ̀ kọ ìwé? Jacob fúnra ẹ̀, dókítà oníṣẹ́ abẹ ló fẹ́ jẹ́. Ọgbẹ́ tó gbà lójú ogun ní Normandy ní 1944 ló dí ọ̀nà yẹn mọ́ ọn, kó tó já sídìí bakitéríà. Àwọn baba wa náà ò ka orí sí ohun tó ti parí, torí wọ́n ń bọ ọ́. Ta ní ń bọ ohun tí kò lè gbọ́?

Síbẹ̀, mi ò sọ pé èèyàn àti bakitéríà dọ́gba. Kẹ́míkà kan wà tí wọ́n ń pè ní IPTG, tó jọ láktóòsì tó ti yí padà yẹn débi pé ó ń ṣí àgádágodo náà, ṣùgbọ́n E. coli ò lè jẹ ẹ́. Àwọn tó ń fi bakitéríà ṣe purotéènì ní láàbù sábà máa ń lò ó. Bí wọ́n bá ta á sí E. coli, kíá ló máa kó síṣẹ́, á máa se ọbẹ̀ de àlejò tí kò ní dé. Kò lè bi ara ẹ̀ pé, "Ta ló ń pè mí yìí?" Àmì ló ń jẹ́ fún, ì báà jẹ́ àmì irọ́.

Àwa lè bèèrè. Ẹni tó bá wo ọmọ ọlọ́mọ, tó ní bí orí ẹ̀ ṣe wí nìyẹn, tí kò bèèrè ohun tí wọ́n ti gbé síwájú ọmọ náà rí, tí kò sì bèèrè ẹni tó ń pè é báyìí, ó ti jókòó ti ọgbọ́n tí wọ́n fún òun. Bakitéríà ní àwíjàre. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ò ní.