Ìmọ́lẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì tàn

Ṣé ìlérí ni àpẹẹrẹ? Ìbéèrè yìí dà bí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé, àmọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ iná ayẹyẹ ní Festac àti Amuwo-Odofin ń dáhùn rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bí wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé ìbéèrè ni.

Ẹ wo bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Gbọ̀ngàn kì í ṣe ti oníná. Ọjọ́ kan péré ni wọ́n gbà á fún, alásè ń bọ̀, àwọn tó ń ṣe gbọ̀ngàn lọ́ṣọ̀ọ́ ń bọ̀, ẹni tó ni jẹnẹrétọ̀ ò sì ní tan án fún wákàtí mẹ́fà kí ẹnìkan lè máa dán àwọ̀ wò. Epo wọ́n. Nítorí náà, ilé ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọkùnrin kan á jókòó nínú yàrá rẹ̀ ní Close kan, á ya gbọ̀ngàn náà sínú software bíi Capture tàbí grandMA3, á gbé moving head kọ́ síbi tí irin máa wà, á wá máa fi nọ́ńbà pàṣẹ fún un. DMX ni èdè tí àwọn iná yìí ti ń gbọ́ láti ọdún 1986: okùn kan ní ọ̀nà 512, ọ̀nà kọ̀ọ̀kan sì ń gba nọ́ńbà láti 0 dé 255. Iná inú kọ̀ǹpútà ń gbọ́ nọ́ńbà kan náà tí iná gidi máa gbọ́. Bó bá yí sọ́tùn-ún lójú software, ó yẹ kó yí sọ́tùn-ún ní gbọ̀ngàn, àyàfi bí wọ́n bá gbé e kọ́ sódì. (Wọ́n máa ń gbé e kọ́ sódì.)

Mo fẹ́ràn ẹ̀rọ yìí, ẹ má ṣì mí gbọ́. Kó tó dé, ojú àwọn àlejò ni wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́. Àṣìṣe tí èèyàn ṣe nínú yàrá, tí kò sí ẹni tó fojú winá rẹ̀, àánú ni.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí fídíò ìdánwò yẹn bá kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é, tó dé orí WhatsApp ìyá ìyàwó.

“Oníná mi, ṣé báyìí ló máa rí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Báyìí gẹ́lẹ́ ni, Mà.”

“Gẹ́lẹ́” yẹn ni mo ń bá jà. Àwọn kan á ní kò yàtọ̀ sí stáìlì tí télọ̀ ń fi hàn wá nínú álíbọ́ọ̀mù. Mi ò gbà. Aṣọ inú álíbọ́ọ̀mù, ẹnìkan ti rán an rí, ẹnìkan ti wọ̀ ọ́ rí. Èyí tó wà lórí fóònù Mọ́mì kò tíì ṣẹlẹ̀ níbi kankan láyé. Síbẹ̀, gbọ̀ngàn tí Mọ́mì sanwó fún ni, orúkọ ọmọ rẹ̀ ló wà lára ògiri. Ó jọ ẹ̀rí, kì í sì í ṣe ẹ̀rí.

Àdúgbò wa yìí gan-an yẹ kó mọ ìyàtọ̀ náà. Nígbà tí Nàìjíríà ń múra sílẹ̀ fún FESTAC, tó wáyé láti 15 oṣù Kìíní dé 12 oṣù Kejì ọdún 1977, ilé-iṣẹ́ Bulgaria kan, Technoexportstroy, ló kọ́ National Theatre ní Ìgànmú, wọ́n sì fi Palace of Culture and Sports ti ìlú Varna ṣe àwòkọ́ṣe. Àpẹẹrẹ tòótọ́ nìyẹn, ó dúró lórí ilẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lè wọkọ̀ òfuurufú lọ sí Varna, kó jókòó nínú rẹ̀, kó wò bóyá òrùlé ń jò. Festac Town ńkọ́? Wọ́n kọ́ ọ kí àwọn àlejò ọjọ́ 29 lè ríbi sùn, àwọn èèyàn sì ti ń gbé inú rẹ̀ fún bí àádọ́ta ọdún. Àwòrán wo ló lè sọ tẹ́lẹ̀ bí Avenue kan ṣe máa rí lẹ́yìn tí àwọn ọmọ onílé bá ti ṣí ṣọ́ọ̀bù síwájú ilé?

Ìròyìn ò tó àfojúbà, ṣùgbọ́n fídíò yìí ìròyìn tó múra bí àfojúbà ni. Ẹ mú èéfín. Ìmọ́lẹ̀ tó ń la afẹ́fẹ́ já bí ọ̀kọ̀, èéfín tàbí eruku ló ń jẹ́ ká rí i. Bí afẹ́fẹ́ bá mọ́, ibi tó balẹ̀ sí nìkan la máa rí. Nínú software, èéfín dúró jẹ́ẹ́ níbi gbogbo, kò sì náni ní kọ́bọ̀. Ẹ wá gbé e lọ sábẹ́ kánópì ní pápá kan ní Amuwo-Odofin, kí atẹ́gùn fẹ́ díẹ̀. Ó tán. Àwọ̀ ara náà ń kọ́? Ère tó dúró lórí pèpéle nínú kọ̀ǹpútà kò ní àwọ̀ Mọ́mì. Awọ dúdú kì í dá búlúù padà tó bó ṣe ń dá pupa padà, torí náà búlúù tó rẹwà lára ère lè sọ ojú ìyàwó di òkùnkùn.

Èyí tó burú jù ni iná tó ń ṣẹ́jú. Lára àwọn tó ní warápá, àwọn kan wà tí iná tó ń tàn tó ń kú ní bí ìgbà 3 sí 30 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan lè dá a sílẹ̀ lára wọn. Ní 16 oṣù Kejìlá ọdún 1997, ọmọ tó lé ní 600 ni wọ́n gbé lọ sílé ìwòsàn ní Japan lẹ́yìn tí wọ́n wo eré Pokémon kan lórí tẹlifíṣọ̀n, tí pupa àti búlúù ń ṣẹ́jú nínú rẹ̀. Ojú àwọn tó ṣe eré náà ti kọ́kọ́ rí i kó tó dé ojú àwọn ọmọ.

Ẹnìkan á ní Mọ́mì ṣáà mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ni. Ó mọ̀. Ohun tí kò mọ̀ ni apá tó jẹ́ òótọ́ àti apá tí kì í ṣe òótọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n, òun náà ló sì ń gbowó.

Mo mọ èsì tí àwọn oníná máa fún mi: bí mo bá yọ èéfín kúrò nínú fídíò mi, ẹlòmíì á fi tirẹ̀ tó ń dán gbinrin ránṣẹ́, òun ni wọ́n máa gbéṣẹ́ fún. Òótọ́ ni. Mi ò ní tàn yín pé olóòótọ́ kì í pàdánù iṣẹ́. Ó ń pàdánù rẹ̀ dáadáa. Àmọ́ owó tí Mọ́mì fi ọdún kan dá nínú àjọ ni a ń fi “gẹ́lẹ́” gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí bó ṣe máa tún ìgbéyàwó yẹn ṣe.

Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Kí fídíò jẹ́ méjì, ọ̀kan pẹ̀lú èéfín, ọ̀kan láìsí èéfín. Kí owó wákàtí kan tí jẹnẹrétọ̀ máa fi ṣiṣẹ́ láàárọ̀ kùtù wà nínú iye tí oníná pè, kó má fi pamọ́ nítorí kí owó lè kéré. Kí ẹnìkan tó dúdú bíi Mọ́mì dúró sórí pèpéle ní wákàtí yẹn, kí oníná sì lọ jókòó sórí àga ẹ̀yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ilé ìdáná. Àwọn tó máa jókòó síbẹ̀ kò rí fídíò kankan.