Àmì Ọwọ́ lára Ohun Ogun

Bí ẹni tó ni ohun ogun bá gé e, tó dè é ní wúrà, tàbí tó rán nǹkan mọ́ ọn, ṣé ó bà á jẹ́ ni àbí ó sọ ọ́ di tirẹ̀? Ní ọdún 1817, T. E. Bowdich, ọ̀kan nínú ikọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì rán láti Cape Coast, rí àwọn jagunjagun ní Kumasi tí wọ́n gbé ìbọn gígùn ti ilẹ̀ Dẹ́ńmákì dání. Wọ́n ti fi òrùka wúrà dè é léraléra, wọ́n sì fi ìkarahun ṣe ìdí rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Òrùka wúrà kò mú ọta rìn jìnnà sí i, ṣùgbọ́n ó fi ẹni tí ìbọn ń sìn hàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni batakari, ẹ̀wù ogun Asante, tí wọ́n rán tírà tí a fi awọ bò mọ́ lára, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọdẹ Yorùbá ṣe ń rán oògùn mọ́ gbérí.

Irú nǹkan báyìí kò yọ Amẹ́ríkà sílẹ̀. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé tó parí ní 1865, àpótí awọ tí wọ́n ṣe fún ọta tí a fi bébà dì kò gba ọta onírin dáadáa. Àwọn ọmọ-ogun tó wà ní ìwọ̀-oòrùn wá ń rán ojóbó mọ́ ìgbànú wọn láti máa ki ọta bọ̀ ọ́. Olùkójọ tó ń wá kìkì èyí tí ọwọ́ kò kàn rí ń wá ohun tí ẹnikẹ́ni kò lò. Ìtàn wà níbi tí abẹ́rẹ́ ti gún awọ.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ní 1874, ẹgbẹ́ ọmọ-ogun Garnet Wolseley wọ Kumasi, wọ́n kó ẹrù ààfin, wọ́n sì dáná sun ìlú. Lọ́dún náà, oníṣòwò wúrà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Garrard, ta nínú rẹ̀. Ẹnì kan lè sọ pé ọwọ́ akónilẹ́rù náà jẹ́ àmì, nítorí pé ó wà nínú ìtàn. Òótọ́ ni. Síbẹ̀, ẹni tó tún nǹkan ṣe láti lò ó fi ara rẹ̀ sínú rẹ̀. Ẹni tó fi ipá mú un lọ yọ olóhun kúrò níbẹ̀. Kí á sọ ìtàn àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n kí á má pè wọ́n ní olóhun bákan náà.

Ní 2024, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Fowler ní Los Angeles dá ohun méje padà fún Asantehene pátápátá. Méjì ní Lọ́ńdọ̀nù yá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ààfin Manhyia ní ohun 32 fún ọdún mẹ́ta, idà Mponponsuo tí a fi ń búra oyè sì wà nínú wọn. Ta ló ń yá ta ní nǹkan? Kí olùkójọ tó béèrè bóyá ọwọ́ kan ohun ogun rí, ó yẹ kó kọ́kọ́ béèrè ọwọ́ ẹni tó kàn án, àti bóyá olóhun gbà.