Ṣé "Ọjọ́ Orí Ni" Tó Ìdáhùn?

Tí ìyá àgbàlagbà kan bá ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Mowe, gbogbo wa la mọ ohun tá a máa sọ: "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ọjọ́ orí ni." Àánú wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Àmọ́ nígbà mìíràn, ńṣe la fi ń ti ilẹ̀kùn mọ́ èèyàn.

Ẹ jẹ́ ká fi àìsàn kan wò ó: multiple sclerosis, tí wọ́n ń pè ní MS. Nínú iṣẹ́ tó tẹ̀ jáde ní 1971, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Oluwakayode Osuntokun ti Ìbàdàn rí i pé ó ṣọ̀wọ́n láàárín wa. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣọ̀wọ́n kì í ṣe ohun tí kò sí.

Iṣan tó ń gbé iṣẹ́ láti ọpọlọ lọ sí ẹsẹ̀ dà bíi wáyà iná tí rọ́bà bò. Nínú MS, àwọn ọmọ ogun tó yẹ kó gbèjà ara ló ń jẹ rọ́bà náà bí eku. Láàárín ọdún 20 sí 40 ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, obìnrin ló sì ń ṣe jù. Lára ọ̀pọ̀ èèyàn, á kọ́kọ́ máa dé, á máa lọ: ojú á ṣe bàìbàì, ẹsẹ̀ á kú, tó bá yá, ara á tún wáyà rẹ̀ ṣe.

Tí ọjọ́ orí bá dé, eku á dín kù, àmọ́ ó ti rẹ ẹni tó ń tún wáyà ṣe. Ẹsẹ̀ á kàn máa wúwo díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú oògùn MS, oògùn eku ni. Kò mọ wáyà tún ṣe. Ìdí nìyẹn tí agbára wọn fi ń dín kù lára àgbà, tí kòkòrò àrùn mìíràn sì lè tètè ráyè wọlé.

Ṣé kí àgbà dá oògùn dúró ni? Wọ́n dán an wò ní Amẹ́ríkà, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 2023. Èèyàn 259 ni, ẹni ọdún 55 sókè, tí àìsàn náà kò kọlù fún ọdún 5. Nínú 128 tó ń lo oògùn lọ, 6 ló tún rí àmì àìsàn náà. Nínú 131 tó dá a dúró, 16 ni. Ẹnì kan á ní ọ̀pọ̀ tó dá a dúró ò rí wàhálà. Ẹlòmíì á ní 16 ju 6 lọ. Òótọ́ làwọn méjèèjì sọ.

Ta ló wá yẹ kó yàn? Ẹni tó ni ẹsẹ̀ ni. Àmọ́ níbí, ọmọ ló ń sanwó. Ọmọ ló ń gbé ìyá láti Ifo lọ sí Abẹ́òkúta, láti Ibafo lọ sí Ṣágámù, òun náà ló sì máa ń dáhùn níwájú dókítà: "Màmá ti dàgbà, ẹ má yọ wọ́n lẹ́nu." Mo mọ̀ pé owó ọkọ̀ nìkan ń dunni. Tówó ò bá sí, ká sọ pé owó ò sí. Ká má fi ọjọ́ orí bo owó mọ́lẹ̀.

Àwọn àgbà ní àrùn ló ṣeé wò, a kì í rí ti ọlọ́jọ́ ṣe. Ogbó kì í ṣe ọlọ́jọ́. Tí oògùn ò bá tiẹ̀ ran ìyá lọ́wọ́ mọ́, eré ìdárayá, ọ̀pá tó bá wọn mu àti ìtọ́jú ìrora ṣì wà. Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n: "Mà, kí lẹ fẹ́ kí ẹsẹ̀ yìí ṣì lè ṣe?" Ó lè jẹ́ kí wọ́n dá rìn dé ìsọ̀ wọn péré ni.