Ọpẹ́ Ẹni Tí Ogun Kò Tíì Kàn

Nígbà tí ènìyàn bá dúpẹ́ pé ibi tí ó bá ẹlòmíràn kò bá òun, ṣé Ọlọ́run ni ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní tòótọ́, àbí ńṣe ni ó ń yọ̀ pé orí ẹlòmíràn ni ẹrù náà bọ́ sí? Ìgbésí ayé Nile Kinnick, agbábọ́ọ̀lù Yunifásítì Iowa ní Amẹ́ríkà, gbé ìbéèrè yìí kalẹ̀ lọ́nà tí kò jẹ́ kí á fojú kéré rẹ̀.

Bọ́ọ̀lù tirẹ̀ kì í ṣe èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ gbá. Èyí tí orí rẹ̀ méjèèjì rí ṣóńṣó ni, tí a ń gbé dání sá lọ nígbà tí àwọn alátakò ń gbìyànjú láti gbé ẹni tí ó dì í mú ṣánlẹ̀. Ní 1939, agbábọ́ọ̀lù Iowa kò pọ̀, àwọn kan náà ni ó ń kọlù tí wọ́n tún ń dáàbò bo ilé, èyí ni a fi ń pè wọ́n ní Àwọn Ọkùnrin Onírin. Nígbà tí wọ́n sì fi 7 sí 6 borí Yunifásítì Notre Dame, Kinnick nìkan ni ó gba gbogbo àmì 7 náà. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn ni ó gba Heisman, àmì-ẹ̀yẹ tí ó ga jù fún agbábọ́ọ̀lù yunifásítì, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ní gbangba pé pápá bọ́ọ̀lù ni òun ti ń jà, kì í ṣe ojú ogun Yúróòpù.

Ìyàtọ̀ ibi méjèèjì yìí ni ó yẹ kí á tẹjú mọ́, nítorí pé ibi tí a bí ènìyàn sí kì í ṣe èrè iṣẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ogun tí a bí sí Yúróòpù kò ṣẹ̀ kí ogun tó kàn án. Ẹni tí ó bá dúpẹ́ fún irú ìpín bẹ́ẹ̀, tí ó sì ka ara rẹ̀ sí ẹni tí ó sàn ju àwọn yòókù lọ, ti ba ọpẹ́ náà jẹ́. Kinnick kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kọ owó bọ́ọ̀lù aláṣojẹ, ó lọ kọ́ ìmọ̀ òfin, lẹ́yìn náà ó fi orúkọ sílẹ̀ láti di awakọ̀ òfúrufú ọmọ ogun ojú omi; ó dé ẹnu iṣẹ́ ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá 1941, ọjọ́ mẹ́ta kí Japan tó kọlu Pearl Harbor, ibùdó ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, nítorí náà kò ṣeé sọ pé ìbínú ọjọ́ náà ni ó tì í.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà 1943, ọkọ̀ òfúrufú rẹ̀ ń jo ọ́ìlì níbi ìdánrawò nítòsí Fẹnẹsúẹ́là, ó sì bà sójú òkun. Àwọn tí ó lọ gbà á là kò rí i, a kò sì rí òkú rẹ̀ títí di òní. Ọmọ ọdún 24 ni. Ní 1944, ogun kan náà pa Ben, àbúrò rẹ̀, ó wá ku ọ̀kan ṣoṣo nínú ọmọkùnrin mẹ́ta tí òbí wọn bí. Ìjọ Christian Science, tí Mary Baker Eddy dá sílẹ̀, ni a ti tọ́ Kinnick dàgbà; ẹ̀kọ́ wọn ni pé ẹ̀mí nìkan ni òtítọ́, àti pé àìsàn àti ikú kò ní gbòǹgbò lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Bí ó ti wù kí ẹ̀kọ́ yìí jinlẹ̀ tó, kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni fi í pa ẹkún òbí bẹ́ẹ̀ mọ́ wọn lẹ́nu.

Ẹni tí ó bá sì sọ pé ọ̀rọ̀ ọpẹ́ 1939 ni ó padà wá bá Kinnick, ó ń sọ Ọlọ́run di ẹni tí ń ṣọ́ ẹnu olùdúpẹ́, èyí sì burú ju àìgbàgbọ́ lọ. Ohun tí Kinnick dúpẹ́ fún jẹ́ òtítọ́ ní ọjọ́ tí ó sọ ọ́. Kò sì bẹ̀bẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà pé kí ogun má kan òun láéláé.