Irọ́ Inú Eré

Ẹ̀yin ará wa, ní ọdún 1981, ọkùnrin 12 fi ìbọn ọ̀dà tí a fi ń sàmì sí igi dọdẹ ara wọn nínú igbó kan ní Henniker, Amẹ́ríkà. Bí eré paintball ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lónìí, ẹgbẹ́ púpọ̀ ń fi í ṣe ogun àfarawé lópin ọ̀sẹ̀.

Ẹni tí ọ̀dà bà yóò fúnra rẹ̀ nawọ́ sókè, yóò sì jáde. Àwọn kan a máa yọ́ nù ún kúrò. Ṣé irọ́ inú eré kì í ṣe irọ́? Lójú tiwa, irọ́ ni. Adájọ́ kò lè wà lẹ́yìn gbogbo igi. Ọlọ́hun ń wò. Ẹni tí kò jẹ́wọ́ ọ̀dà, ṣé yóò jẹ́wọ́ gbèsè tí kò ní ẹlẹ́rìí? Ọwọ́ tó nù ún yóò jẹ́rìí lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀.

Kí Ọlọ́hun ṣe wá ní olóòótọ́. Àmín.